Òògùn Ológbò Inú Àpótí

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn kò dà yín láàmú mọ́? Ṣé etí yín ṣì ń hó? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n yé béèrè etí, pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ọkọ̀ ojú irin ló bà á jẹ́, kò sì ní pa yín. Ṣùgbọ́n torí etí náà la ṣe ń kọ lẹ́tà síra wa bí ará àtijọ́, torí náà mo gbọ́dọ̀ kí i.

Èmi náà wà. Yìnyín ti yọ́ tán níbí, koríko ti ń hù. Níbi iṣẹ́ mi, ilé ìwòsàn ẹranko tí mo sọ fún yín, èmi ni mo ṣì ń fọ àgò tí wọ́n ń kó ológbò àti ajá sí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣèèyàn burúkú, àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀, ó di ọ̀la. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣírò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá. Àwọn ológbò nìkan ni mo ń bá sọ ọ́. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀ pé ṣé wọ́n sùn dáadáa. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó máa ń dáhùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Bí yìnyín bá ti yọ́ níbí, eégbọn ló máa ń tẹ̀lé e. Oṣù tó kọjá nìkan, ológbò méjì ló kú lójú mi. Eégbọn á mu ẹ̀jẹ̀ wọn, kò ní mọ síbẹ̀, á tún kó àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ibà á mú ẹran náà, kò ní jẹun, ẹran ìdí eyín rẹ̀ á funfun, kí olówó rẹ̀ sì tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ọkàn mi fò lọ sọ́dọ̀ Ajíṣafẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, èmi àti ológbò yẹn ló kù, èmi sì jìnnà.

Mo ra òògùn tó wà nínú páálí yìí fún un. Rọ́bà kékeré mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ já ẹnu ọ̀kan, ẹ ya irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé, kí ẹ ro ó sí awọ ara rẹ̀. Ọ̀kan fún oṣù kan. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òògùn eégbọn ti ajá wá fún yín, ẹ má gbà á, òmíràn nínú rẹ̀ máa ń pa ológbò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀tapiapia dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń mú un bọ̀ yóò fi lé Mardiyah lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ bá mi kí òun náà, ẹ ní mo dúpẹ́ pé ó ń ṣe ọmọ fún yín nítorí èmi.

Ọmọ yín,
Roqeebah


Mafoluku, Òṣòdì
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Àṣàbí ọmọ mi,

Mo jẹ́ sàlámà rẹ. Mo rí ìwé gbà, mo rí páálí gbà. Mardiyah gbé e wá tòun taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní ẹrù àwọn èèyàn lòun ń wọ̀n láti àárọ̀, òun ò tíì jẹun. Mo fún un ní búrẹ́dì. Orúnkún ń bẹ, etí ń bẹ, èmi náà ń bẹ. Ìyàwó Mísbáù tó ń gbé ìsàlẹ̀ kí mi lánàá, mo dá a lóhùn pé ogójì ọdún sẹ́yìn ni. Mi ò mọ ohun tó bi mí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọlé.

Ọ̀rọ̀ òògùn. Mo ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Roqeebah, ta ló sọ fún ẹ pé ara Ajíṣafẹ́ ò yá? Ara rẹ̀ le koko. Àná ló gbé ẹja lórí àwo mi kí n tó ṣe bísímílà tán. Ta ló ń fún ẹni tí kò ṣàìsàn lóògùn? Ohun tó ti òkè òkun wá báyìí, tí o fi òógùn ojú rẹ rà, n kò ní fi í ṣòfò. Mo ti kó o sínú àpótí ìyá rẹ, mo sì ti tì í. Ọjọ́ tí àìsàn bá dé, a ó yọ ọ́. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fi èyí sílẹ̀ fún mi.

Mísbáù ti ra àgbò Iléyá. Ó ní ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́ lòun ṣe tètè rà á. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló so ó mọ́, kò bi ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun, ìwo rẹ̀ á kàn mí ní ìbàdí. Láti ọjọ́ tí àgbò náà ti dé, orí koríko rẹ̀ ni Ajíṣafẹ́ ń sùn lọ́sàn-án. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ pè é, ó la ojú kan, ó tún pa á dé. Ó ti rí ẹgbẹ́ tuntun. Èmi nìkan ni mo jẹun lánàá, mo ń wo àga ìyá rẹ. Kò burú. Kí ọdún kọjá ná, yóò padà wálé.

Ìgbà wo ni wọ́n ní ìwé ìgbélùú rẹ yóò jáde? Mi ò fi yọ ẹ́ lẹ́nu o. Mo kàn bi ẹ́ ni.

Bàbá rẹ,
Zakariyah


Winnipeg
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyedún. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ṣọdún, wọn ò mọ̀ pé ọdún ni. Mo ra ẹran àgùntàn kékeré kan, mo dín in, àmọ́ kò sí ẹni tí mo fẹ́ bù ún fún.

Bàbá, mo ń ka ìwé yín lórí ìjókòó, mi ò mọ̀gbà tí mo dìde. Òògùn yẹn kì í ṣe ti àìsàn. Kí àìsàn má bàa dé la ṣe ń lò ó. Ṣé àwọ̀n ẹ̀fọn yín, ẹ̀yìn tí ibà bá ti mú yín tán lẹ tó máa ń ta á ni? Àgbò tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń gbé eégbọn pamọ́ sínú irun. Lọ́jọ́ ọdún, àgbò nìkan ni wọ́n ń pa. Àwọn eégbọn tó ti bọ́ sílẹ̀ ṣì wà nínú koríko, wọ́n ń wá ara mìíràn tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Ta ló ń sùn lórí koríko náà?

Mo pe Mardiyah lórí fóònù kó sáré sọ fún yín. Ó ní òun ti sọ ọ́, pé ẹ ní kí n fara balẹ̀ kọ̀wé bí ọmọlúàbí. Bàbá, mo ti ń kọ ọ́ yìí, ìwé yìí á sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà. Ẹ ṣí àpótí. Kí ẹ tó ro òògùn náà sí i, ẹ wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, abíyá rẹ̀ àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un nídìí, kí ẹ fà á gbọọrọ. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ran ẹ̀yin náà. Ẹ sọ ọ́ sínú sípíríìtì, kí ẹ fọwọ́.

Mi ò bá yín jà. Mo ń bẹ̀ yín ni. Bí mo bá ń ronú yàrá yẹn, ẹ̀yin àti òun ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Bí òun ò bá sí ńkọ́, mi ò fẹ́ ronú ẹ̀yin nìkan.

Ọmọ yín,
Roqeebah


Mafoluku
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 2025

Roqeebah ọmọ mi,

Mo kí ẹ púpọ̀. Ìwé rẹ dé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Ọdún lọ dáadáa. Òjò ń rọ̀. Ajíṣafẹ́ ń jẹun dáadáa, ó ń kí ẹ. Má ronú ohunkóhun, gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Bàbá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, torí ọmọ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ náà.

Ìwé yín ò kún ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi odindi ojú ewé bú àgbò Mísbáù, ẹ ò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ò dárúkọ òògùn. Ẹ ò dárúkọ eégbọn. Ẹ ní Ajíṣafẹ́ ń kí mi. Láti ọjọ́ tí Màmá ti bá a láàárín aṣọ òkìrìkà tó sì gbé e wálé, ìgbà wo ni ológbò yẹn kí èèyàn?

Mo mọ irú ìwé yìí. Ẹ kọ mẹ́ta nínú rẹ̀ sí mi ní ọdún 2023. "Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń jẹun dáadáa, ó ń kí ẹ." Nígbà tí ẹ kọ èyí àkọ́kọ́, Màmá ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ilẹ̀. Mardiyah tún fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi àwòrán náà sí ojú fóònù mi. Mo ń fi han àwọn ará ibi iṣẹ́, mo ń sọ fún wọn pé ẹ wo ìyá mi, ara rẹ̀ ti yá. Ní ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́ta ni Lará tá a jọ lọ sílé ìwé kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ kú ìrọ́jú o, ọ̀rẹ́ mi." Mo bi í pé ìrọ́jú kí ni. Àgò ajá kan ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo fọ̀ ọ́ tán, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Mo pe Mardiyah lánàá. Ó ní, "Àlàáfíà ni, àǹtí mi," ohùn kan náà tó lò nígbà yẹn. Kò pẹ́ ló fi àwòrán Ajíṣafẹ́ ránṣẹ́, ó nà gbalaja sórí àga. Àwòrán náà tún dé, Bàbá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí n ṣubú síbi tí kò sí ẹni tí yóò gbé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń gbé oorun lọ lójú mi. Bí ẹ bá lè fi ikú ológbò pa mọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ẹ̀yin fúnra yín, ta ni yóò máa kọ̀wé sí mi pé ẹ ń jẹun dáadáa, pé ẹ ń kí mi?

Ṣé ó kú? Ẹ sọ ọ́. Mi ò ní kọ̀wé mìíràn títí n ó fi gbọ́ òtítọ́.

Roqeebah


Mafoluku
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2025

Àṣàbí,

Kò kú. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o má bàa máa fo ìlà kiri. Àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Yíǹkì tí mo fi ń lu òǹtẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lónìí, lórí ìwé yìí gan-an. Wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì ni, ìka kan ò hàn, èyí tí ilẹ̀kùn gé lọ́dún tí o ṣe ìdánwò àṣejáde. Ohun pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ó ya mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Òkú ológbò kì í ya èèyàn lọ́wọ́.

Bí kì í bá ṣe èèwọ̀ ni, èmi ni ǹ bá kúnlẹ̀ fún ẹ. Gbogbo ohun tí o sọ ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa àgbò, wọ́n pín ẹran, wọ́n fi koríko sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ọwọ́ mi kan ohun líle kan lẹ́yìn etí Ajíṣafẹ́. Eégbọn ni, wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n tó ẹ̀wà. Mẹ́rìnlá ni mo kà. Mo fi èékánná fà wọ́n tu, mo sì tẹ̀ wọ́n pa níkọ̀ọ̀kan, torí ìwé rẹ kejì ò tíì dé. Mísbáù gbé ìyẹ̀fun kan wá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ń pa eégbọn lára ajá. Ìyẹn nìkan ni mo kọ̀, nítorí o ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mardiyah jíṣẹ́ rẹ pé kí n ṣí àpótí, mo ní kó lọ jókòó. Mo ní eégbọn kì í ṣe àìsàn, mo ti fà á tu, ó ti tán. Agídí ni, Roqeebah. Kò ní orúkọ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. O mọ̀ pé mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bó bá jókòó sórí itan mi, tó ń kùn, mo máa ń mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo gbé ọwọ́ lé e, mi ò mọ nǹkan kan. Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìyá rẹ.

Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi ìborùn ìyá rẹ bò ó, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìsọlọ̀, sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan, obìnrin ni, Ṣíjúadé ni wọ́n ń pè é. Nínú kẹ̀kẹ́, nǹkan mì nínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí wo apẹ̀rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀. Ó rò pé oṣó ni mí. Dókítà náà ṣí i lẹ́nu, ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun bí o ṣe wí. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó nínú ẹ̀rọ, ó ní eégbọn ti kó àìsàn sí i. Ó bi mí pé ṣé n kò ní òògùn tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ni. Mo ní mo ní in, ó wà nínú àpótí. Ó wò mí, ó yíjú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà nínú àgò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́. Inú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni ìwé rẹ bá mi, inú rẹ̀ náà ni mo kọ ìwé kọ́bọ̀ yẹn sí ẹ. Mi ò mọ̀ bóyá yóò yè. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ológbò ò sí nílé, ilé dilé èkúté. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan jókòó sórí tábìlì mi, ó ń wò mí jẹun. Mi ò lé e. Ó ṣáà jẹ́ ẹni tó bá mi jókòó.

Nígbà tí mo ṣí àpótí láti mú òògùn, mo rí gbogbo ohun tí o ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún yìí wá. Súwẹ́tà, lọ́fínńdà, bísíkíìtì tí ìdin ti wọ̀, aago ọwọ́ tó ṣì wà nínú páálí. Mi ò fọwọ́ kan ìkankan rí. Mo máa ń ṣí i wò ni, kí n tún tì í. Mo ti ro òògùn náà sí Ajíṣafẹ́ lọ́rùn bí dókítà ṣe ní kí n ṣe. Mo kó koríko yẹn jóná, mo fọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Mísbáù ti ṣèlérí pé ìta lòun yóò so àgbò mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Lánàá Ajíṣafẹ́ padà sórí itan mi, ó ń kùn, ọwọ́ mi sì gbọ́ ọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Mo gbà.

Mo ti fi aago náà sọ́wọ́. Àkókò ibi tí o wà ni mo yí i sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. O ò bi mí rí, èmi náà ò sì sọ ọ́. Àárọ̀ ni, aago mẹ́sàn-án ti lù. Ajíṣafẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e jókòó kó lè mu omi, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, mo tẹ etí tì í. Ó ní, "Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ Roqeebah?" Mo fi ìka ṣírò rẹ̀, mo ní aago méjì òru ni. Mo ní ká pè ẹ́. Ó ní, "Ẹ má jí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àwọn ẹbí ní ká má túfọ̀ fún ẹ, mo sì gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí tiwọn. Ìyá rẹ ló ní kí n má jí ẹ. Mo jẹ́ kí o sùn fún ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Dárí jì mí.

Mo ti bá Mardiyah sọ̀rọ̀, mo sì ní kó tún un sọ sí mi létí kí n lè mọ̀ pé ó gbọ́. Bí nǹkan bá ṣe Ajíṣafẹ́, bí nǹkan bá ṣe èmi, kó má wo aago. Kó jí ẹ.

Bàbá rẹ,
Zakariyah